Olùkọ́ àti Ẹ̀kọ́ Ìbàlágà ní Ilé-Ìwé Sẹ́kọ́ńdírì

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ tí ọmọbìnrin bá kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń pè é sí kọ̀rọ̀, tí yóò sì kìlọ̀ fún un pé, "Láti òní lọ, bí ọkùnrin bá fi ọwọ́ kàn ọ́, oyún ni o." Ẹ̀kọ́ ìbàlágà tí ọmọ mìíràn gbà nílé kò ju gbólóhùn kan ṣoṣo yìí lọ. Ìfẹ́ ni ó mú kí ìyá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ọmọ náà yóò jókòó ti ọkùnrin nínú ọkọ̀, ọmọkùnrin kíláàsì rẹ̀ yóò fà á lọ́wọ́, oyún kò sì ní dé. Bí ọmọ náà bá jẹ́ ojo, yóò máa gbọ̀n nítorí ohun tí kò sí. Bí ó bá láyà, yóò gbà pé irọ́ ni ìyá òun pa, yóò sì da ìkìlọ̀ tí ó jẹ́ òtítọ́ nù mọ́ èyí tí kì í ṣe òtítọ́. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni ó léwu jù.

Kì í ṣe pé àwọn àgbà àtijọ́ kò ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ. Wọ́n pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn ni. Ohun tí ìyá kò lè sọ, ìyá àgbà a máa fi àlọ́ gbé e kalẹ̀. Ohun tí bàbá kò lè bá ọmọkùnrin rẹ̀ sọ, ẹ̀gbọ́n a máa bá a sọ ọ́ lóko. Àkókò tí ó wà láàárín ìbàlágà ọmọbìnrin àti ìgbéyàwó rẹ̀ kò sì gùn. Lónìí, àkókò náà lè tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá àgbà wà ní abúlé, ọmọ wà ní ìlú ńlá, fóònù tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ń fi oríṣiríṣi nǹkan hàn án láìsí àgbà kan nítòsí tí yóò túmọ̀ wọn fún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ẹni ọdún 10 sí 19 sí ọ̀dọ́langba, àwọn ọdún wọ̀nyí gan-an ni ọmọ sì ń lò lọ́dọ̀ olùkọ́.

Ìjọba Nàìjíríà kò ṣàìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1999 ni ìgbìmọ̀ àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí i pé kí ẹ̀kọ́ yìí wọ ilé-ìwé. Ìwé ètò rẹ̀ jáde ní 2001, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà lẹ́yìn náà sí Ẹ̀kọ́ Ìgbé-Ayé Ẹbí àti HIV, kí ó lè rọrùn fún àwọn òbí láti gbà. Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní àwọn ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì kékeré ìjọba ní 2003. Ní November 2022, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Adamu Adamu, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ nípa ìbálòpọ̀ kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ òbí dùn sí àṣẹ náà, nítorí lójú wọn, ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń fi ọ̀nà ilé han olè ni. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ohun àfirẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìwé ìtọ́sọ́nà tí UNESCO tún gbé jáde ní 2018, tí ó gbé ìwádìí láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè yẹ̀ wò, fi hàn pé ẹ̀kọ́ yìí kì í mú kí ọmọ túbọ̀ máa ní ìbálòpọ̀.

Yálà orúkọ ẹ̀kọ́ náà wà nínú ìwé ètò tàbí kò sí níbẹ̀, ìbéèrè ọmọ kò ní tán. Ibi tí iṣẹ́ olùkọ́ ti le jù ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Èdè Yorùbá kún fún àdàpè: abẹ́, ìdí, ojú ara, nǹkan oṣù, nǹkan ọmọkùnrin. Láàárín àgbà sí àgbà, ẹ̀yẹ ni èyí. Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ni í jó o, ọ̀mọ̀ràn ni í sì í mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kànlá kò tíì di ọ̀mọ̀ràn. Bí olùkọ́ bá sọ fún un pé kí ó má ṣe bá ọkùnrin sùn, ó lè máa rò ó bóyá ẹni tí òun àti àbúrò òun jọ ń sùn sórí ẹní kan náà ti dẹ́ṣẹ̀. Olùkọ́ mìíràn a sá sínú Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ta á létí. Àwọn ọmọ yóò da ohun tí ó kọ sójú pátákó kọ, wọn yóò fi yege ìdánwò, wọn kò sì ní mọ ibi tí nǹkan náà wà lára wọn. Àbùkù ibẹ̀ kò mọ sí inú ìdánwò. Bí ẹnìkan bá fi ipá bá ọmọ lò pọ̀, tí gbogbo ohun tí ọmọ náà lè wí kò ju "ó ṣe mí níṣekúṣe" lọ, kí ni dókítà tàbí ọlọ́pàá yóò rí kọ sílẹ̀?

Kò pọn dandan kí olùkọ́ lo èdè inú gáréèjì. Ojú ara, ilé ọmọ, ẹyin, àtọ̀, kórópọ̀n: ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tó. Kí ó ya àwòrán sójú pátákó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ó sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún, kí ó jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, kí ó sì máa lo ọ̀rọ̀ náà lọ láìyí i padà. Nígbà náà ni àlàyé yóò ṣeé ṣe. Nínú oṣù, ẹyin kan a máa bọ́ nínú obìnrin. Ilé ọmọ a sì ti tẹ́ ibùsùn dè é. Bí àtọ̀ ọkùnrin kò bá pàdé ẹyin náà, ibùsùn yóò tú, yóò sì di ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù. Àtọ̀ ni ó ń bá ẹyin ṣe oyún, kì í ṣe ọwọ́. Nínú ọdún kìíní àti èkejì, nǹkan oṣù lè pẹ́ tó ọjọ́ 45 kí ó tó padà wá. Ọmọ tí kò mọ èyí lè sunkún mọ́jú nítorí oyún tí kò ní. Àwọn ọmọkùnrin náà ní ẹkún tiwọn tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́. Bí àtọ̀ bá dà lára ọmọkùnrin lójú oorun, ó lè rò pé àìsàn ni, tàbí pé ayé ń ṣe òun. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni olùkọ́ nílò láti tú u sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ nípa ìbárẹ́ àti ìgbéyàwó ni ó yẹ kí ó rọ Yorùbá lọ́rùn jù. Alárinà kì í ṣe ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ kiri lásán. Àkókò ìfojúsọ́nà ni ìdílé méjèèjì fi ń wádìí ara wọn, bóyá ẹ̀tẹ̀, wárápá tàbí wèrè wà níbẹ̀. Ohun tí alárinà ìgbà náà kò lè rí ni ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ní Nàìjíríà, bí ènìyàn kan nínú mẹ́rin ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS, tí ara rẹ̀ sì le koko. Bí AS bá fẹ́ AS, ọmọ wọn lè jẹ́ SS, èyí tí í ṣe àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde. Àwọn dókítà kan gbà pé púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n pè ní àbíkú láyé àtijọ́ ni àrùn yìí pa.

Ibi tí àṣìyé wọ̀ ọ́ ni ìṣirò rẹ̀. Àwọn kan rò pé bí ẹni méjì bẹ́ẹ̀ bá bí ọmọ mẹ́rin, ẹyọ kan ni yóò ṣàìsàn, àwọn mẹ́ta yòókù yóò sì bọ́. Kí olùkọ́ mú igbá méjì, kí ó fi ẹ̀wà funfun kan àti pupa kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ kan di ojú, kí ó mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti inú igbá méjèèjì, kí ó dá wọn padà, kí òmíràn sì mú tirẹ̀. Nígbà tí wọn bá rí i tí pupa méjì jáde lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, wọn yóò mọ̀ pé oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ní ewu ìdá kan nínú mẹ́rin tirẹ̀, kò ka èyí tí ó ṣáájú sí. Ẹni tí ó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ọdún 15 yóò béèrè irú ẹ̀jẹ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ kí ọkàn tó so mọ́ ọkàn, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn olùkọ́ fi ń gba ìbéèrè láìdójú ti ọmọ: àpótí tí a dá ihò sí lórí, tí gbogbo kíláàsì yóò ju ìwé sí, ẹni tí ó ní ìbéèrè àti ẹni tí kò ní, láìkọ orúkọ. Olùkọ́ ni yóò nìkan ṣí i lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ìbéèrè tí kò bá mọ ìdáhùn rẹ̀, kí ó gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì, kí ó sì mú èsì rẹ̀ wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ìwé kan lè wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ìbéèrè: pé bùrọ̀dá kan nílé ń wọlé wá lóru, tàbí pé olùkọ́ kan ní kí òun wá bá òun nílé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, ẹ̀wọ̀n gbére sì ni ó là sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá bá ọmọdé lò pọ̀. Olùkọ́ tí ó bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kà á sókè ní kíláàsì, kò sì gbọdọ̀ fà á ya. Kí ó tọ́jú rẹ̀, kí ó sọ fún gbogbo kíláàsì ní ọjọ́ kejì pé òun yóò wà ní yàrá ìkàwé lẹ́yìn aago méjì, kí ó sì dúró síbẹ̀ títí ẹni tí ó kọ ọ́ yóò fi wá.