Bí Kodíìnì Ṣe Ń Wọ Ara, àti Bí Ó Ṣe Ń Jáde

Ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2018 kò rọgbọ fáwọn apòògùn. BBC ti gbé fíìmù ìwádìí kan jáde ní ìparí oṣù Kẹrin lórí òògùn ikọ́ olómi tó ní kodíìnì nínú, táwọn ọ̀dọ́ ń mu bí ẹni ń mu mínírà. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fòfin de kíkó kodíìnì wọlé fún ṣíṣe òògùn ikọ́, àti ṣíṣe òògùn ọ̀hún pàápàá. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn tí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti ilé-iṣẹ́ apòògùn mẹ́ta pa nítorí ìwádìí. Ọ̀kan wà l'Ékòó. Ìlọrin ni méjì tó kù wà.

Òfin náà kò pa kodíìnì rẹ́. Ó ṣì wà nínú àwọn oògùn ìrora kan tí dókítà ń kọ fún aláìsàn, NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sì ń gbá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgò òògùn ikọ́ tí wọ́n fayawọ́ wọlé mú, pàápàá ní èbúté Onne ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ìwádìí tí ìjọba àti àjọ UNODC ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè gbé jáde lóṣù Kìíní ọdún 2019 fi hàn pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 14.3, láti ẹni ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà. Ohun tó ń fa àwọn kan sí òògùn ikọ́ kò fara sin: ó dùn, kì í rùn lẹ́nu bí ọtí, ìgò rẹ̀ sì jọ èyí tí ìyá ọlọ́mọ èyíkéyìí lè ní sílé. Nílùú bí Ìlọrin, tí òórùn ọtí lẹ́nu ọmọ ti lè da ilé alùfáà rú, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Kodíìnì fúnra rẹ̀ kò lágbára tó bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Ẹ̀dọ̀ ẹni tó mu ún ló ń sọ ọ́ di alágbára.

Láti inú ìfun kékeré ló ti ń wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ìfun bọ̀ kì í sì yà síbì kan kó tó kan ẹ̀dọ̀, nítorí náà ẹ̀dọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ní nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn tí èèyàn mu ún, iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ á ti dé òtéńté. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ á so ohun kan tó bá ṣúgà tan mọ́ ọn, kó lè tètè yọ́ nínú omi, kí kíndìnrín sì rí i dà nù. Díẹ̀ á di ohun mìíràn tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ipá. Èyí tó ṣẹ́ kù kò ju ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Énsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní CYP2D6 ló ń sọ ọ́ di mọ́fíìnì, oògùn tí wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún tàbí ẹni tí jẹjẹrẹ ń yọ lẹ́nu. Mọ́fíìnì yìí ló ń dé ọpọlọ, tó ń pa ìrora, tó ń múni tòògbé, tó sì ń dín èémí kù. Òun náà ló ń mú ìfun lọ́ra, tí ìgbẹ́ fi ń le koko.

Àbímọ́ ni bí CYP2D6 ṣe ń ṣiṣẹ́ lára kálukú. Àwọn kan wà tí tiwọn kò ṣiṣẹ́ rárá: wọ́n á lo kodíìnì, ìrora kò ní lọ. Àwọn mìíràn jogún ju ẹ̀dà kan lọ nínú apilẹ̀ àbùdá rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òbí kan, ẹ̀dọ̀ wọn á sì sọ kodíìnì di mọ́fíìnì ní wàràǹṣeṣà. Ní Ethiopia, àwọn olùwádìí rí i pé irú wọn tó bíi 29 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Kò hàn lójú, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú sísanra tàbí títóbi. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì lè pín ìgò kan ní Tánkẹ́ n'Ílọrin, kí ọ̀kan rìn lọ sílé, kí wọ́n sì máa jí ìkejì títí kó má dáhùn.

Nítorí èyí ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ṣe kìlọ̀ gidigidi lọ́dún 2013, lẹ́yìn tí àwọn ọmọdé kan tí wọ́n fún ní kodíìnì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀nà ọ̀fun kú. Lọ́dún 2017, àjọ náà ní kí wọ́n má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 mọ́, yálà fún ikọ́ tàbí fún ìrora, ó sì kìlọ̀ fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ìyá àgbà tó bá rí àjẹkù òògùn ikọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tó fẹ́ fi ṣíbí kan ran ọmọ-ọmọ lọ́wọ́ kó lè sùn, inú rere ló fi ń ṣe é. Kó dá a padà fún kẹ́míìsì ló dára jù.

Ọ̀rọ̀ bó ṣe ń jáde ló wá kù. Láàárín bíi wákàtí 3, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín á ti kó ìdajì rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí aláìsàn kan bá lo mílígíráàmù 30 fún ìrora láago 8 òwúrọ̀, á ku bíi 15 lára rẹ̀ láago 11, á ku 7 àti ààbọ̀ láago 2 ọ̀sán. Nígbà tí aago 11 alẹ́ bá fi lù, kò ní pé mílígíráàmù 1 mọ́. Ìṣirò ẹni tó ń gbé ìgò sẹ́nu yàtọ̀. Ìgò mílílítà 100 tí ṣíbí mílílítà 5 rẹ̀ ní mílígíráàmù 10, 200 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó mu ún tán láago 8 alẹ́ ṣì ní bíi 50 lára láago 2 òru, èyí tó ju ohun tí aláìsàn wa ìṣáájú lò lápapọ̀ lọ. Bó bá ṣí ìgò kejì, èyí tuntun á gun orí ti àtẹ̀yìnwá. Bó bá wá fi ọtí, oògùn oorun tàbí àgbo olọ́tí lé e, gbogbo wọn á para pọ̀ dojú kọ èémí rẹ̀ nígbà tó ń sùn lọ́wọ́.

Bíi ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bá ìtọ̀ jáde, èyí tó pọ̀ jù láàárín wákàtí 24. Àyẹ̀wò ìtọ̀ lè rí i fún ọjọ́ 1 sí 3. Mọ́fíìnì náà á máa hàn nínú èsì ẹni tó jẹ́ pé kodíìnì nìkan ló lò. Ó yẹ kí ẹni tó ń ka èsì mọ èyí kó tó fẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, torí tirẹ̀ á pẹ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ.

Epo pupa táwọn kan máa ń rọ sẹ́nu ẹni tó dákú ńkọ́? Mílíìkì? Nígbà tí èèyàn bá fi dákú, èyí tó pọ̀ jù nínú kodíìnì ti fi inú sílẹ̀, ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀, epo kò sì lè bá a níbẹ̀. Ohun tí epo lè ṣe ni kó gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì. Omi tútù tí wọ́n ń dà síni lórí kò mú ẹ̀dọ̀ yára.

Bí èémí bá ń falẹ̀, tí ètè ń dúdú, tí ọmọlójú kéré bí orí abẹ́rẹ́, tí ẹni náà kò sì jí, kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn jù, ìbáà jẹ́ ọsibítù Jẹ́nẹ́rà ti Ìlọrin tàbí UITH, ọsibítù yunifásítì ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń jẹ́ naloxone, ó ń lé mọ́fíìnì kúrò níbi tó dì mú nínú ọpọlọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àmọ́ agbára naloxone lè tán kí ti kodíìnì tó tán, kí oorun náà sì tún padà. Kí ará ilé má ṣe gba ìwé ìdásílẹ̀ tìpá-tìkúùkù nítorí pé aláìsàn ti lajú, tó ń béèrè oúnjẹ. Kí wọ́n mú ìgò tàbí páálí oògùn náà dání, kí wọ́n sì sọ aago tó mu ún fún nọ́ọ̀sì.