Ẹ má wo nọ́ńbà ara páálí: Ohun tó yẹ kí onímọ́tò Festac àti Amúwó-Ọ̀dọ̀fin mọ̀ kó tó ra ampilifáyà àti sípíkà

Bí èèyàn bá gba First Gate wọ Festac nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kì í pẹ́ rárá tí yóò fi gbọ́ ìró mọ́tò kan kó tó fojú rí i. Wúfà inú bùútù ni yóò kọ́kọ́ máa lu èèyàn láyà bíi gbẹ̀du, lẹ́yìn náà ni Corolla tàbí Camry tokunbọ̀ kan yóò yọ ní kọ́nà. Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí orin àti ijó ló bí ìlú náà. Àwọn àlejò tó wá síbi àjọ̀dún FESTAC '77 ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ àwọn ilé ibẹ̀ fún, Stevie Wonder àti Miriam Makeba sì wà lára àwọn olórin tó wá sí Èkó lọ́dún 1977 náà.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ owó la wá sọ lójú ewé yìí. Òkè òkun ni ampilifáyà àti sípíkà mọ́tò ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á wọlé. Nǹkan bíi 470 náírà ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní báńkì kó tó di pé Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ lọ́jà ní oṣù kẹfà, ọdún 2023. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Àṣìṣe tí èèyàn lè fojú fò nígbà kan ti di ohun tó ń gbọ́n àpò gbẹ.

Èmi tí mò ń kọ èyí ti jìyà ẹ̀ rí. Mo ra ampilifáyà kan ní ṣọ́ọ̀bù kan tí mi ò ní í dárúkọ. 2,000 wáàtì gàdàgbà ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀. Ọmọkùnrin tó bá mi dè é fa wáyà tín-ín-rín kan láti orí bátìrì, ó kì í bọ inú ihò tó wà lára irin iwájú mọ́tò, ó sì fà á dé bùútù láì fi fíúsì kankan sí i. Oṣù méjì ò tíì pé tí òórùn rọ́bà tó ń jó fi kún inú mọ́tò lọ́jọ́ kan tí mo wà nínú gósílóò Mile 2. Etí irin ti bó ara wáyà, wáyà sì ti kan irin. Ọpẹ́lọpẹ́ awakọ̀ dánfó kan tó fò sílẹ̀ pẹ̀lú spánà, tó bá mi tú orí bátìrì, mi ò mọ ohun tí ǹ bá máa kọ lónìí. Nígbà tí mo délé tí mo yẹ ampilifáyà náà wò dáadáa, mo rí fíúsì tó wà lára ẹ̀: ampere 25 péré.

Ibi fíúsì yẹn gan-an ni àṣírí wà, ìṣirò ẹ̀ ò sì le. Tí mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́, iná tó ń jáde nínú ẹ̀ máa ń tó fóòtì 14. Ẹ fi 14 sọ 25 di púpọ̀, 350 wáàtì lẹ máa rí. Gbogbo iná tó lè wọ inú ẹ̀rọ yẹn fún ìgbà pípẹ́ kí fíúsì ẹ̀ tó já nìyẹn. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń di orin. Ampilifáyà oríṣi ti àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní Class AB, máa ń fi nǹkan bí ìdajì iná tó bá gbà ṣòfò sínú ooru, ìdí nìyẹn tí ara ẹ̀ fi máa ń gbóná bí irin tí wọ́n fi ń lọ aṣọ. Ó ku nǹkan bíi 200 wáàtì. Class D tó jẹ́ tìgbàlódé sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó lè sọ nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún di orin. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, kò sí ibi tí 2,000 ti máa jáde nínú 350.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wá lára páálí àti nínú ìwé tó bá a wá ni RMS. Ìyẹn ni agbára tí ẹ̀rọ náà lè gbé láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. “Max” àti “peak” táwọn òǹtajà máa ń pariwo kò ju ohun tó lè ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, òmíràn ò tiẹ̀ lè ṣe é rárá. Tẹ́ ẹ bá rí CEA-2006 tàbí CTA-2006 lára ẹ̀, ìlànà kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2003 nìyẹn, tó ní kí gbogbo iléeṣẹ́ tó bá lò ó fi ọ̀nà kan náà wọn wáàtì ampilifáyà wọn. Àwọn ayédèrú ọjà náà máa ń tẹ̀ ẹ́ sára páálí o, torí náà ẹ wo fíúsì kún un.

Sípíkà ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yàn, kẹ́ ẹ tó wá ampilifáyà tó bá a mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òdìkejì ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe. Bí sípíkà bá lè gba 60 wáàtì RMS, ẹ wá ampilifáyà tó lè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nǹkan bí iye yẹn. Àwọn kan rò pé tí ampilifáyà bá kéré, sípíkà ò lè bàjẹ́. Irọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá yí ẹ̀rọ kékeré dé òpin nítorí kẹ́ ẹ lè gbọ́ ọ, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ya, ohùn tó ń ya yẹn ló sì ń jó àwọn kéékèèké tó ń dún ṣín-ín lórí sípíkà. Ẹ tún wo nọ́ńbà dB ara ẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ 91 á fi ìdajì wáàtì tí 88 nílò dún dé ibi kan náà. Ẹni tó bá ra 91 ti ṣẹ́wó kù lórí ampilifáyà nìyẹn, àmọ́ àwọn òǹtajà kì í sábà dárúkọ ẹ̀.

Ohm náà wà níbẹ̀. 4 ohm ni ọ̀pọ̀ sípíkà mọ́tò. Tí rewáyà bá so méjì pọ̀ sójú kan náà, ó di 2 ohm, kì í sì í ṣe gbogbo ampilifáyà ló lè gbé e. Èyí tí kò bá lè gbé e á gbóná, á kú lójijì láàárín orin, á tún jí nígbà tó bá tutù.

Wàyí o, ṣé mọ́tò yín lè bọ́ ẹ? Ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré tokunbọ̀ ni ọtanétọ̀ wọn wà láàárín ampere 70 sí 100, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré dáadáa ló sì ń pèsè iye yẹn. Nínú gósílóò lálẹ́, tí mọ́tò dúró sójú kan, tí ẹ tan A/C, tí ẹ tan iná iwájú, kò lè fún yín tó bẹ́ẹ̀. Ampilifáyà tó ń gbé 300 wáàtì RMS jáde, tó bá jẹ́ Class D, á fẹ́ nǹkan bí ampere 27 nígbà tó bá lọ sókè pátápátá. Ìyẹn ṣì ṣeé gbé. Ẹni tó bá fẹ́ 1,000 ní tòótọ́ ti gbọ́dọ̀ máa ronú ọtanétọ̀ mìíràn àti bátìrì mìíràn, owó ampilifáyà nìkan kọ́ ló ń ná.

Ní tèmi, bí owó tẹ́ ẹ fẹ́ ná bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún náírà, ẹ fi àádọ́ta ra sípíkà, ẹ fi ọgbọ̀n ra ampilifáyà, kẹ́ ẹ fi ogún tó kù sórí wáyà, fíúsì àti iṣẹ́ ọwọ́ rewáyà. Ogún yẹn ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́ jẹ mọ́nú. Wáyà tó dáa, bàbà ni inú ẹ̀ látòkè délẹ̀. Èyí tó pọ̀ lọ́jà, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà kùn lára. Ẹ ní kí wọ́n gé orí ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ ha á: tó bá funfun nínú, kò lè gbé iná tó ti bàbà, ó sì ń tètè gbóná. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà náà lẹ́bàá bátìrì, kò gbọ́dọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ lọ sí i. Kí wọ́n fi rọ́bà sí ihò irin tí wáyà máa gbà kọjá. Wáyà tó lọ sára irin mọ́tò gbọ́dọ̀ nípọn bákan náà, kí wọ́n sì ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò kí wọ́n tó dè é. Wáyà orin àti wáyà iná ò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ẹ bá ti ń tẹ mọ́tò ni sípíkà á máa hu bí ẹ̀fọn.

Àwọn tó ń gbé Festac, Amúwó àti Satellite Town ní àǹfààní kan, torí ọjà Àlàbá nílùú Ọjọ́ ò jìnnà sí wọn, ọjà àwọn oníspíà pátì wà ní Trade Fair, wọ́n sì lè fi ojú ṣọ́ọ̀bù kan wé òmíràn láàárín ọjọ́ kan. Ẹ mú rewáyà yín dání. Ẹ ní kí wọ́n tú páálí níwájú yín, kẹ́ ẹ ka fíúsì. Ampilifáyà tokunbọ̀ tó jẹ́ ojúlówó Pioneer tàbí Kenwood lè sàn ju tuntun tó jẹ́ ayédèrú lọ, àmọ́ ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí bátìrì kó kọrin fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sí. Òun lẹ máa mú lọ bá LASCOPA, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà nípìnlẹ̀ Èkó, tàbí FCCPC tó jẹ́ tìjọba àpapọ̀, tí ọjà bá yàtọ̀ sóhun tí wọ́n sọ. Èmi ò ní rìsíìtì kankan lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo padà lọ bá ẹni tó ta 2,000 wáàtì fún mi, ó sì ní òun ò mọ̀ mí rí.