Kọ́tísọ́ọ̀lù, Ìpara Abóra àti Àtọ̀gbẹ ní Èkó

Àwọn tí ó sọ àrùn yìí ní àtọ̀gbẹ fojú sí aláìsàn dáadáa: ó ń tọ̀, ó sì ń gbẹ. Ohun tí orúkọ náà kò fi hàn ni ohun tí ń kó ṣúgà jọ sínú ẹ̀jẹ̀, nítorí kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni.

Nínú irú kejì àrùn náà, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àgbàlagbà, ínsúlínì ń bẹ nínú ara, ṣùgbọ́n ara kì í fẹ́ gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí ń tako ínsúlínì ni kọ́tísọ́ọ̀lù, họ́móònù kan nínú ẹbí sítẹ́rọ́ìdì, tí àwọn ẹ̀yà ara kékeré méjì tí ó wà lórí kíndìnrín ń ṣe. A kò lè wà láàyè láìsí i. Bí ebi bá pa wá tàbí bí àìsàn bá dé, òun ni ó ń rán ẹ̀dọ̀ pé kí ó tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹran ara tètè gbà á. Ìgbà tí ó bá pọ̀ jù, tí kò sì lọ sílẹ̀, ni ewu dé. Harvey Cushing ará Amẹ́ríkà ṣàpèjúwe irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní 1932: ojú kún rọ̀bọ̀tọ̀, ikùn tóbi. Àtọ̀gbẹ kì í jìnnà sí wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀ ti di ohun tí à ń rà. Láti 1948, tí Philip Hench ti fi kọ́tísóònù wo àwọn tí oríkèé ń ro, oògùn irú rẹ̀ ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ní Èkó, kò mọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwọn kan ń gbé dẹkisamẹ́tásóònù mì kí wọ́n lè sanra. Kulobẹ́tásọ́ọ̀lù sì wà nínú àwọn kan lára ìpara abóra tí ó kún orí àtẹ láti Ìdúmọ̀tà dé Balógun. Ẹni tí ó bá ń fi í pa gbogbo ara láàárọ̀ àti lálẹ́ fún oṣù púpọ̀, inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbà á sí.

Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2002 rí i pé nǹkan bí 77 nínú 100 àwọn oníṣòwò Èkó tí a bi léèrè ni ó ń lo ohun tí ń bó àwọ̀. (Àwọn kan ti sọ iye yìí di ti gbogbo obìnrin Nàìjíríà, èyí kò sì tọ́.) Kì í ṣe gbogbo ìpara bẹ́ẹ̀ ni ó ní sítẹ́rọ́ìdì. Síbẹ̀, bí ṣúgà ẹnì kan bá kọ̀ tí kò lọ sílẹ̀, kò tó kí a bi í léèrè ẹ̀bà àti ìrẹsì nìkan. Ó yẹ kí a bi í, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ohun tí ó fi ń pa ara.

Bí ó bá sì jẹ́wọ́, kí a má ṣe ní kí ó dá a dúró lójijì. Àwọn ẹ̀yà tí ń ṣe kọ́tísọ́ọ̀lù ti sùn lọ nígbà tí ti ọjà ń ṣiṣẹ́ wọn, ó sì lè gba oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó jí. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.