Kí Ló Dé Tí Wọ́n Ní Kẹ́ Ẹ Padà Wá Ya Àwòrán?

Láti Àpòmù ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Láti 2006 ni UCH Ìbàdàn ti ní ẹ̀ka ìṣègùn nuclear. Níbẹ̀, kámẹ́rà kì í tan ìtànṣán sí yín lára bíi ti X-ray. Òògùn tí wọ́n fún yín ló ń tàn jáde láti inú ara; kámẹ́rà kàn ń gbà á ni. Tó bá yí yín po, kọ̀ǹpútà á to àwòrán igun kọ̀ọ̀kan pọ̀, á ṣírò ibi tí òògùn wà àti bó ṣe pọ̀ tó.

Àmọ́ tí dókítà bá fẹ́ mọ iye ìtànṣán tí ara gbà, àwòrán kan ò tó. Tí bátìrì fóònù yín bá wà ní 60% lọ́sàn-án, ṣé ẹ lè tibẹ̀ mọ̀ bóyá á kú kílẹ̀ tó ṣú? Ẹ ní láti tún un wò.

Bí áyódíìnì 131 tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ thyroid ṣe rí nìyẹn. Fúnra rẹ̀, ó ń dín sí ìlàjì ní ọjọ́ 8, àmọ́ ìtọ̀ náà ń gbé e jáde, ti ẹnì kan sì yá ju ti ẹlòmíì lọ. Èyí tó pẹ́ lára ló ń tan ìtànṣán jù. Tó bá kéré, jẹjẹrẹ lè ṣẹ́ kù. Tó bá pọ̀ jù, ó lè ba mùdùnmúdùn eegun jẹ́.

Torí náà, tí wọ́n bá dá ọjọ́ míì fún yín, ẹ fi owó ọkọ̀ Ìbàdàn pa mọ́. Ẹ padà lọ.