Bí A Ṣe Ń Fi Kún Agbára Ìmọ́lẹ̀

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ wa gba abẹ́ òkun kọjá? Inú okùn dígí tí ó tín-ín-rín bí irun orí ni ó ń gbà. Ní ọdún 2010, irú okùn bẹ́ẹ̀ kan dé Èkó láti ilẹ̀ Potogí.

Ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ ìmọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí ó bá rin kìlómítà 100, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ni yóò kù. Bí a kò bá ràn án lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà kò ní dé ibi tí a rán an.

Ní ọdún 1987, àwọn onímọ̀ ní Southampton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, po èròjà kan tí à ń pè ní erbium mọ́ dígí. Wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ mìíràn sí i, kí ó lè kó agbára pamọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ tí ó ti rẹ̀ bá dé, erbium yóò tú agbára náà sílẹ̀ fún un. Bí orin ni ó rí: ẹnì kan lé e, àwọn elégbè gbè é. Orin kan náà ni, ṣùgbọ́n ohùn ti ròkè.

Okùn ọ̀pọ̀ mítà ni a sábà máa ń lò fún iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ní Lausanne, ní ilẹ̀ Switzerland, ká ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ tí ó gùn tó ìdajì mítà sí ojú ibi tí kò tó èékánná. Ìmọ́lẹ̀ tí kò lágbára wọ ibẹ̀, agbára rẹ̀ sì di ìlọ́po 1,000.

Ẹ̀yin ọmọ, abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.