Ṣé o mọ̀? Ìjẹ̀bú nígbà tí èrò bá ti lọ tán

Ṣé o mọ̀ pé ọdún Ojúde Ọba kò lóṣù kan pàtó? Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é n'Ìjẹ̀bú-Òde, Iléyá sì ń tẹ̀ lé òṣùpá, ó ń fi bí ọjọ́ 11 yá ju ti èṣí lọ. Ní 2017, ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ló bọ́ sí. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ni. Ìyẹn ló sì ṣe ìkẹyìn lójú ayé Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, ọba Ìjẹ̀bú, tó wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún náà lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́. Nígbà tó bá máa fi di 2033, inú oṣù Kẹta ni yóò ti máa wáyé. Ẹni tó bá ń wá àkókò tí ìlú tòrò, kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí ni kó kọ́kọ́ wò.

N kò bu Ojúde Ọba kù o. Kí àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, máa jó wọlé níkọ̀ọ̀kan nínú aṣọ ẹgbẹ́jọdá, kí àwọn ìdílé Balógun máa fi ẹṣin dárà, ìran tí kì í súni ni. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, yàrá òtẹ́ẹ̀lì á ṣọ̀wọ́n bí ojú, ọkọ̀ á sì dí pa lójú títì. Ẹni tó bá wá lọ́jọ́ yẹn nìkan, èrò ló rí, kò tíì rí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Ṣé o mọ̀ pé òjò pàápàá máa ń gba ìsinmi níhà gúúsù Nàìjíríà? Á rọ̀ títí, á dójú ẹ̀ nínú oṣù Kẹfà. Tó bá di ìparí oṣù Keje wọ oṣù Kẹjọ, á dáwọ́ dúró díẹ̀, kó tó tún padà lóṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá. Òkun wà nídìí ẹ̀: lásìkò náà, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun létí Gíní, atẹ́gùn tó wà lórí rẹ̀ á tutù, á wúwo, kò sì ní lè gòkè di òjò ńlá. Ojú ọ̀run á kàn ṣú ni, oòrùn ò ní ta. Oṣù Kẹjọ wà lára àwọn oṣù tí ara ń tù jù lọ́dọ̀ wa.

Ṣé o wá mọ ohun tó ba oṣù Kẹjọ jẹ́? Owó bàálù ni. Ìgbà yẹn ni iléèwé wà ní ìsinmi ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, tí àwọn òbí ń kó ọmọ wálé. Ti oṣù Kejìlá tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní tèmi, láti ìparí oṣù Kẹwàá títí dé òpin oṣù Kọkànlá ló dára jù. Òjò ti ń palẹ̀ mọ́, ọyẹ́ kò tíì dé, igbó ṣì tutù yọ̀yọ̀, àwọn ará òkè òkun kò sì tíì wálé ọdún.

Ṣé o mọ̀ pé obìnrin kì í rìn bó ṣe wù ú n'Ìjẹ̀bú lásìkò ọdún Agẹmọ, ní nǹkan bí oṣù Keje? Àwọn Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún, ìyẹn àwọn olórí Agẹmọ, máa ń gbéra láti ìlú wọn lọ pàdé ní Ìmòsàn, obìnrin kò sì gbọdọ̀ fojú kàn wọ́n lójú ọ̀nà. Béèrè ọjọ́ àti ọ̀nà lọ́wọ́ onílé rẹ kí o tó wọkọ̀. Èèwọ̀ ìlú ni, ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún un.

Ṣé o mọ̀ pé yàrà kan yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó gùn ju kìlómítà 160 lọ? Erédò Súńgbọ́ ni. Láwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì rẹ̀ tó mítà 20, ọwọ́ ènìyàn ló sì gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, ará Pọtogí kan, Duarte Pacheco Pereira, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé yàrà ńlá yí ìlú Ìjẹ̀bú ká. Bó o bá sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, ògiri amọ̀ pupa á dúró ṣánṣán lọ́tùn-ún lósì, ewéko á bò ó, gbòǹgbò igi á máa rọ̀ wálẹ̀ lára rẹ̀, ooru ìta á sì dín kù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà òjò, amọ̀ yẹn ń yọ̀ bọ̀rọ́. Lóṣù Kọkànlá, ó ti ń gbẹ, ẹsẹ̀ á mú ilẹ̀. Mú ọmọ àdúgbò dání, má dá lọ. Láti 1995 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO, kò sì tíì wọ ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé. Ó ń dùn mí.

Àwọn kan gbà pé Bílíkísù Súńgbọ́, tí ìtàn sọ pé òun ló ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà yìí, tí ibojì rẹ̀ sì wà ní Òkè-Ẹ̀rí, ni Ọbabìnrin Ṣébà inú Bíbélì. Ọjọ́ orí yàrà náà kò jẹ́ kí àwọn onímọ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lọ gbàdúrà níbẹ̀ kò dáwọ́ dúró.

Ṣé o mọ̀ pé erin ṣì wà nínú igbó Ọmọ, níhà ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú? UNESCO ti ka igbó náà sí ibi ìdáàbòbò ohun ẹlẹ́mìí láti 1977. Ọ̀nà inú rẹ̀ kì í ṣeé gbà nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò kò nílò físà láti wọ Nàìjíríà? Òfin ECOWAS fún wọn ní ọjọ́ 90. Àwọn tó bá ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, ẹ má gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú.

Ṣé o mọ̀ pé gàrí Ìjẹ̀bú kan nítorí pé wọ́n jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin kan dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó yan án? Ṣé o mọ̀ pé òjò ló ń mú awùsá wá? Ewùrà tuntun ní tirẹ̀ máa ń pẹ́ nílẹ̀ ju iṣu funfun lọ, ìparí ọdún ló ń jáde, òun sì ni wọ́n fi ń se ìkọ́kọ́rẹ́. Wọ́n á rin ín, wọ́n á máa fi ọwọ́ já a sínú ọbẹ̀ epo tó ti ń hó pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, wọ́n á dé e, wọn ò sì ní rò ó títí yóò fi dì. Àwọn kan ń fi ẹ̀bà jẹ ẹ́. Àgbálùmọ̀ ni ẹni tó bá wá lóṣù Kọkànlá kò ní bá. Ó di oṣù Kejìlá.