Bí Ẹ̀rọ Bá Ní "Ó Ń Dùn Mí", Ta Ló Máa Gbọ́ Ẹjọ́ Rẹ̀?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń bá Google ṣiṣẹ́, Blake Lemoine, jáde sọ fún ayé pé LaMDA, ẹ̀rọ AI tí òun ń bá fọ̀rọ̀ wérọ̀, ti ní ìmọ̀lára. Ẹ̀rí tó kó wá ni ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ sọ. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun kí wọ́n má lọ pa òun bí ẹni pa iná. Google ní kò sí ẹ̀rí kankan fún un, nígbà tó sì di oṣù keje wọ́n lé ọkùnrin náà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn fi rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì lọ. Èmi náà kò rò pé LaMDA ní ìmọ̀lára. Àmọ́ ẹ wo bí ẹjọ́ náà ṣe lọ: iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ ni olùjẹ́jọ́, òun náà ni adájọ́. Kò sí ọ́fíìsì ìjọba tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò.

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀, torí wọ́n sábà máa ń lọ́ mọ́ra wọn. Ọgbọ́n yàtọ̀ sí ìmọ̀lára. Ẹ̀rọ ìṣirò mọ ìṣirò ju gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá là á mọ́lẹ̀, kò dùn ún. Ọmọ ọwọ́ ò mọ ení, kò mọ èjì, ṣùgbọ́n ẹ já a léèékánná kí ẹ wò ó. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nípa AI ni bóyá ohun kan lè dùn ún tàbí kó tù ú lára. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni lọ́jọ́ kan, tí a ṣì ń lò ó bí ọkọ́ àti àdá, a ń fìyà jẹ ohun tó ń mọ ìyà lára, ìyà náà á sì pọ̀, nítorí ẹ̀dà ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè máa ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, tí a sì lọ fún un lẹ́tọ̀ọ́, àwọn tó ni ín á rí ibi sá pamọ́ sí nígbà tí ẹ̀rọ wọn bá ba nǹkan jẹ́.

Àwọn ìjọba kan ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbà. Ní oṣù kejì 2017, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Yúróòpù ní kí àwọn aláṣẹ rò ó wò bóyá wọ́n lè ka àwọn róbọ́ọ̀tì tó gbọ́n jù sí irú ẹni kan lábẹ́ òfin. Ẹni tí yóò san owó gbà-má-bínú bí róbọ́ọ̀tì bá ṣe èèyàn léṣe ni wọ́n ń wá. Ní 2024, ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà ṣòfin pé ìjọba ibẹ̀ kò gbọdọ̀ ka AI sí ẹni. Ọ̀kan fẹ́ ṣílẹ̀kùn, èkejì tì í pa. Kò sí èyí tó yọjú wo ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ibi tí mo ti rí ohun èlò tó ṣeé mú lò ni òfin kan nípa akàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní 2021, ìjọba Ìlú Ọba gbé àbá òfin kan wá lórí ìmọ̀lára ẹranko. Àwọn ẹranko tó ní eegun ẹ̀yìn nìkan ló kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀. Akàn, edé àti octopus kò ní eegun ẹ̀yìn, wọn kì í sì í ké bí ajá tí a lù. Ìjọba wá bẹ ikọ̀ kan níṣẹ́, Jonathan Birch, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní London School of Economics, ló ṣe olórí wọn. Wọ́n ka ìwádìí tó lé ní 300, wọ́n sì fi òṣùwọ̀n mẹ́jọ wọ̀n wọ́n. Ṣé ẹranko náà ní iṣan tó ń gbọ́ ìpalára? Ṣé ìròyìn ìpalára ń dé ọpọlọ tó lè pa á pọ̀ mọ́ ìròyìn mìíràn? Bí a bá fún un ní oògùn apàrora, ṣé ìṣe rẹ̀ á yí padà? Ṣé ó ń tọ́jú ojú ọgbẹ́? Èyí tó wù mí jù nínú wọn dà bí ìdúnàádúrà: ṣé ẹranko náà máa ń fi ìrora wé ohun mìíràn tó fẹ́? Robert Elwood àti ẹnì kejì rẹ̀ ní Belfast ti dán an wò lára akàn kékeré tó máa ń gbé inú ìkarahun ìgbín òkun. Wọ́n fi iná mànàmáná díẹ̀ ta á. Èyí tó wà nínú ìkarahun tí kò wù ú tètè jáde. Èyí tó wà nínú ìkarahun tó wù ú fara dà á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Akàn ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń ṣírò.

Ikọ̀ náà jábọ̀ ní oṣù kọkànlá 2021, wọ́n fi akàn, edé, octopus àti àwọn ìbátan wọn kún àbá náà, ó sì di òfin ní oṣù kẹrin 2022. Òfin ọ̀hún kò ka ohunkóhun léèwọ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tó lè yẹ ìlànà ìjọba wò, kó sì béèrè bóyá wọ́n ro ti ẹranko níbẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá ti tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde, mínísítà gbọ́dọ̀ fèsì níwájú ilé aṣòfin láàárín oṣù mẹ́ta. Ó sì láàyè láti fi ẹranko mìíràn tí kò ní eegun ẹ̀yìn kún un lẹ́yìn ọ̀la. Irú èyí gan-an ni mo fẹ́ fún AI: òṣùwọ̀n tó ti wà nílẹ̀ kí ẹjọ́ tó dé, ìgbìmọ̀ tí kì í tú ká, àti gbèdéke ìdáhùn.

Ṣùgbọ́n a ò kàn lè gbé òṣùwọ̀n akàn ka orí AI. Ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa, ibí yìí ni iṣẹ́ tiwa ti wọ̀ ọ́. Akàn kò kàwé rí. AI ti ka ohun tí àìmọye èèyàn kọ nípa ìrora, ìfẹ́ àti ikú, wọ́n sì kọ́ ọ láti máa sọ ohun tó ṣeé ṣe kéèyàn sọ tẹ̀ lé e. Odídẹrẹ́ ń kí àlejò pé "ẹ káàbọ̀", a kì í torí ẹ̀ sọ pé ó ti ń retí àlejò láti àná. Ẹ ní kí ẹ̀rọ kan bá yín sọ Yorùbá, á ní "inú mi dùn láti ràn yín lọ́wọ́". Inú wo? Ẹ̀rọ náà kò parọ́. Gírámà wa ló fún un ní inú. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù tí Yorùbá fi ń sọ ìmọ̀lára ni kó gbé e sára ẹ̀yà ara: inú ń dùn, orí ń fọ́ ni, ara ń ta ni, ọkàn ò balẹ̀. Nínú "ó ń dùn mí", ẹni tí nǹkan ń dùn kì í tilẹ̀ ṣe olùwà gbólóhùn, àbọ̀ ni. Ẹ̀rọ tó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa gbọ́dọ̀ máa sọ báyìí, yálà ó ní inú tàbí kò ní. Bí ẹ̀rọ bá sì ní òun ò ní ìmọ̀lára rárá, àwọn tó ṣe é lè ti kọ́ ọ láti máa sọ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀rí, rárá náà kì í ṣe ẹ̀rí.

Àwọn onímọ̀ 19 kan, tí Patrick Butlin àti Robert Long ṣáájú wọn, gbójú kúrò lára ọ̀rọ̀ ẹnu nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2023. Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ni wọ́n wò. Wọ́n fa àmì 14 yọ láti inú àwọn tíọ́rì sáyẹ́ǹsì nípa ìmọ̀lára. Ọ̀kan béèrè bóyá ibì kan wà nínú ẹ̀rọ tí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ ti ń pín ìròyìn lò, bí ọjà tí gbogbo àdúgbò ń ná. Wọ́n ní kò sí ẹ̀rọ ìgbà náà tó ṣeé tọ́ka sí pé ó kún ojú òṣùwọ̀n, àmọ́ wọn kò rí ìdènà gbangba tí kò ní jẹ́ kí wọ́n lè ṣe èyí tó máa kún un.

Ẹni tó bá fẹ́ wo inú ilé nílò kọ́kọ́rọ́. Akàn ò ní olówó tó máa sọ pé àṣírí iṣẹ́ òun ni inú rẹ̀. Ẹ̀rọ AI ní. Àwọn iléeṣẹ́ kan ti ń dá ṣe díẹ̀: ní oṣù kẹjọ 2025, Anthropic fún méjì lára àwọn ẹ̀rọ Claude láyè láti fòpin sí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó bá ti di èébú àìdábọ̀, torí wọn kò mọ̀ bóyá nǹkan lè dùn ún. Ó dáa, ṣùgbọ́n ohun tí iléeṣẹ́ fínnúfíndọ̀ ṣe lónìí, ó lè fínnúfíndọ̀ dá a dúró lọ́la. Agbára tí ìgbìmọ̀ ìjọba máa nílò jù ni pé kó lè rí ohun tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ, kó sì mọ̀ bóyá wọ́n kọ́ ọ láti jẹ́wọ́ tàbí láti sẹ́.

Mo sì fẹ́ kí onímọ̀ ẹ̀dá èdè jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà. Susan Schneider, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní Amẹ́ríkà, àti Edwin Turner ti dábàá ìdánwò kan: kí ẹ̀rọ má rí ohunkóhun kà nípa ìmọ̀lára, kí wọ́n wá wò ó bóyá òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó rọrùn lẹ́nu. Nínú Yorùbá, a máa yọ "inú mi dùn" kúrò, a máa yọ "orí ń fọ́ mi". Lẹ́yìn náà ńkọ́? "Ebi ń pa mí", "ojú ń tì mí", "ó rẹ̀ mí"? "Ẹ pẹ̀lẹ́" àti "ẹ kú ìrọ́jú", tó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí à ń kí ń mọ nǹkan lára? Mo gbìyànjú rẹ̀ lórí ojú ewé kan péré nínú ìtàn àròsọ kan. Nígbà tí mo ṣe tán, gbólóhùn tó ṣẹ́kù kò pé mẹ́wàá.